Àwọn Ará Jámánì Náà Ti Jápa Rí

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ará Jámánì kò mọ ìyà, ẹ ní kó wá bá mi nídìí àtẹ òfì mi l'Ọ́jà'ba n'Ìbàdàn, kó sì gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ dání. Bàbá Télọ̀ iwájú ilé wa ní Bẹ́yẹrúnká ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀kọ gbígbóná tán, ara wọn ti yá, wọ́n wá ní bí Elédùmarè ṣe pín in nìyẹn: ó ní kí àwọn kan máa gun Mẹ̀sí Ọlọ́yẹ́, ó ní kí àwa máa bá wọn fọ̀ ọ́. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn títí ewú fi bo orí mi kí n tó fẹ̀yìn tì sídìí òfì, ṣé kí n dákẹ́ ni? Mo ní, "Bàbá Télọ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣìn-ìn yẹn ná, ẹ gbọ́ mi."

Ní 1815, òkè oníná kan tó ń jẹ́ Tambora bú gbàmù ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Indonéṣíà lónìí. Eérú inú rẹ̀ fò lọ sókè, ó bo ojú oòrùn, débi pé nígbà tó di 1816 àwọn ará Yúróòpù ń retí ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀rùn kò dé. Ẹkùn kan wà ní gúúsù Jámánì tó ń jẹ́ Württemberg. Òjò kò dá níbẹ̀, ọkà jẹrà lóko, búrẹ́dì di ohun tí ojú ń rí tí ọwọ́ kò tó. Ní 1817, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn di ẹrù. Àwọn kan gba odò Danube lọ sí Rọ́ṣíà, àwọn kan gba odò Rhine lọ sí Hólándì láti wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí Amẹ́ríkà. Nínú àwọn tó dé Hólándì, owó tán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ kí wọ́n tó fojú kan ọkọ̀, wọ́n bá ń ṣagbe káàkiri èbúté. Ará Jámánì o! Alágbe! Bàbá Télọ̀ ní irọ́ ni. Mo ní kí wọ́n máa ránṣọ wọn lọ.

Nínú Württemberg yìí ni ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Schorndorf wà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Gottlieb Daimler sí ní 1834. Bàbá rẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì, òun fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ìbọn ṣíṣe kó tó dórí ẹ̀rọ, ilé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ló sì ṣe ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ní Mercedes, nígbà tí òun ti kú. Ìyẹn ni pé ìlú tí Mẹ̀sí Ọlọ́yẹ́ ti ṣẹ̀ wá náà ni ebi ti ń lé àwọn ènìyàn. Ẹ bá mi fi Schorndorf sí kọ̀rọ̀ kan, ẹ má tì í jìnnà jù, a óò tún fà á yọ.

Ṣùgbọ́n ebi ọdún kan kọ́ ló lé wọn tán. Ogún pínpín ni. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nílé wa lọ́wọ́lọ́wọ́ náà nìyẹn, mi ò sì fẹ́ kí Ìyá Onígaàrí, tí ààrò wọn wà lọ́dẹ̀dẹ̀ wa, gbọ́.

Ní apá àríwá Jámánì, ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń gba oko bàbá, àwọn yòókù á wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ní Württemberg, orí-òjorí ni wọ́n ń pín in. Bàbá kú, ó fi ọmọ mẹ́fà sílẹ̀, oko á di mẹ́fà. Ọ̀kan nínú mẹ́fà kú, ó fi márùn-ún sílẹ̀, ìdá tirẹ̀ á tún di márùn-ún. Nígbà tí yóò fi kan ọmọ-ọmọ, ilẹ̀ tí wọ́n fún un kò gùn ju ibi tí ènìyàn lè tẹ́ òfì sí gbẹ l'Ọ́jà'ba. Kí ni yóò gbìn síbẹ̀ tí yóò bọ́ ìyàwó? Ó di dandan kó tà á fún ẹ̀gbọ́n, kó fi owó rẹ̀ wọkọ̀.

Ẹ wá wo tiwa. Bàbá Àgbà tó nilé wa fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀: méje nídìí ìyálé, mẹ́ta nídìí ìkejì, ẹyọ kan nídìí ìyàwó kékeré. Àwọn méje ní orí-òjorí ni kí a pín ilé náà, ẹyọ kan yìí ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, òfin sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ó. Bó bá jẹ́ ìdí-igi, òun nìkan ni yóò gba ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ sì má rò pé torí àṣà ló ṣe ń jà o. Jámánì ló ń lọ. Ó fẹ́ lọ kàwé níbẹ̀, wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ kọ́kọ́ fi owó ọdún kan pamọ́ sí báńkì kí wọ́n tó fún un ní físà: 11,904 Yúrò. Ó fi han Bàbá Télọ̀ lórí fóònù rẹ̀. Bàbá Télọ̀ ṣírò ó sí náírà, wọ́n bọ́ gíláàsì lójú, wọ́n nù ún, wọ́n tún un ṣírò.

Ní Sátidé tó kọjá, àwọn ọmọ ilé kó ẹfun dé, wọ́n fa ilà la ọ̀dẹ̀dẹ̀ já láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Ilà náà gba abẹ́ ààrò Ìyá Onígaàrí kọjá. Ẹsẹ̀ ààrò méjì bọ́ sápá àwọn méje, ẹyọ kan bọ́ sápá ọmọ ìyàwó kékeré. Ìyá Onígaàrí kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn gbé ìkòkò ka orí ààrò náà, wọ́n dáná sí i, wọ́n fi ọwọ́ lérán, wọ́n ń wo ẹni tí yóò wá gbé ẹsẹ̀ ààrò tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ibẹ̀.

Níbo ni mo dé? Ẹ̀hẹ́n, ọkọ̀.

Láti 1845, àrùn tún kọlu ọ̀dùnkún wọn káàkiri Yúróòpù. Ní 1848, wọ́n gbìyànjú láti yí ìjọba padà, kò ṣeé ṣe, àwọn olóṣèlú náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Láàárín 1845 sí 1855, ará Jámánì tó lọ sí Amẹ́ríkà tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Ní ọdún 1854 nìkan, wọ́n lé ní 200,000. Èbúté Bremen ni àwọn kan gbà, Hamburg ni àwọn kan gbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará gúúsù a máa lọ sí Le Havre ní ilẹ̀ Faransé. Ìdí rẹ̀ ni pé òwú ni àwọn ọkọ̀ ìgbòkun Amẹ́ríkà ń kó wá síbẹ̀. Wọ́n já òwú tán, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ padà lófìfo, káfíńtà á wọlé, á kan pákó sí ibi tí òwú wà, ó di ibùsùn ènìyàn. Ta ló ká òwú ọ̀hún? Ọmọ adúláwọ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú ni. Ọkọ̀ tó gbé òógùn ojú wọn wá náà ló gbé ẹni tí ebi lé lọ. Mi ò ní í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn, kí àárọ̀ mi má bàa bàjẹ́.

Àárín méjì ni ibi tí wọ́n ń sùn sí: òkè wọn ni ibi tí àwọn atukọ̀ ń rìn, ìsàlẹ̀ wọn ni ẹrù wà. Kò sí fèrèsé. Pákó ibùsùn wà ní àjà méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí ọ̀kan, kálukú mú tìmùtìmù koríko àti àwo tánganran tirẹ̀ wá láti ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ Mícrà láti Bẹẹrẹ lọ sí Mọ́kọ́lá mọ̀ bó ṣe máa ń rí, bí dẹ́rẹ́bà bá ní kí ẹ sún fún ẹni kẹrin, tí ẹlẹ́rù kan sì fi agbọ̀n adìyẹ lé yín lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin á sọ̀ ní Mọ́kọ́lá, ẹ ó na ẹsẹ̀ yín. Tiwọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ṣe dáadáa. Bí afẹ́fẹ́ bá kọ̀, ọkọ̀ á dúró sójú kan lórí omi, ìgbòkun á rọ jọwọrọ, omi mímu inú àgbá á máa yí padà. Bí ìjì bá dé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn òkè mọ́ wọn lórí, gbogbo wọn á wà nínú òkùnkùn, ẹni tó ń bì ń bì, ọmọ ń ké, ìgbẹ́ ọ̀rìn ń gbé àwọn mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí aboyún ń rọbí sí.

Àwọn tó gba Le Havre, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gbé oúnjẹ wọn dání, iná ìdáná kan báyìí sì ni gbogbo wọn ń tò sí lórí ọkọ̀. Ẹ fojú inú wo ìjà obìnrin ní ìdí ààrò yẹn! Ti Bremen sàn díẹ̀. Ní 1832, ìjọba Bremen ṣòfin pé ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ kó oúnjẹ tó tó 90 ọjọ́ fún èrò rẹ̀. Ẹran oníyọ̀ ni, àti ẹ̀wà, àti bísíkíìtì líle tí àgbàlagbà aláìléyín kò lè dán wò. Ìjọba kò ṣòfin yẹn torí àánú nìkan o. Wọ́n fẹ́ kí èrò fi èbúté yòókù sílẹ̀, kó wá wọkọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, bí àwọn àgbèrò ọ̀dọ̀ wa ṣe máa ń pariwo pé tiwọn ló ń lọ lọ́wọ́lọ́wọ́. Wọ́n sì rí èrò.

Ọkọ̀ mìíràn kò tilẹ̀ kúrò nílé kó tó rì. Ní oṣù kọkànlá 1854, ọkọ̀ ìgbòkun kan tó ń jẹ́ Johanna ṣí ní Bremerhaven, ó ń lọ sí Baltimore, èrò inú rẹ̀ lé ní 200. Ìjì gbé e lu erékùṣù Spiekeroog, ní ilẹ̀ Jámánì níbẹ̀ náà. Àwọn ará erékùṣù dúró sétí omi, wọ́n ń wò wọ́n, wọn kò ní ọkọ̀ tí wọ́n fi lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Èyí tó kú lé ní 70. Ibojì wọn wà níbẹ̀ dòní.

Bàbá Télọ̀ ò sọ̀rọ̀ mọ́. Máṣìn-ìn náà ò dún mọ́.

Ó yá, ẹ bá mi fa Schorndorf yọ ní kọ̀rọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Schorndorf yìí ni wọ́n bí ọkùnrin kan sí tó ń jẹ́ David Hinderer. Nígbà tí gbogbo ayé ń sá lọ sí Amẹ́ríkà, òun ní ọ̀dọ̀ wa lòun ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ ì bá ti sunkún o. Kò sì dá bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nárì kan wà ní Basel ní Switzerland tó ń kọ́ àwọn ọmọ Württemberg ní iṣẹ́ Ọlọ́run, ẹgbẹ́ míṣọ́nárì CMS ti Lọ́ńdọ̀nù sì ń gbà wọ́n síṣẹ́, torí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ wá. Gollmer tó bá Crowther àti Townsend gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845, ará Württemberg ni. Mann tó jókòó ti Kúrunmí, olórí Ìjàyè, ará Jámánì ni òun náà. Ẹ wá rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tí àwọn baba wa ń pè ní òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Hinderer dé Àgbádárìgì ní 1849. Ilé-iṣẹ́ Macgregor Laird tó kọ́kọ́ ń fi ọkọ̀ eléèéfín ná etíkun wa déédéé, 1852 ló bẹ̀rẹ̀. Torí náà, ìgbòkun ló gbé Hinderer wá, afẹ́fẹ́ ló sanwó ọkọ̀ rẹ̀. Ní 1851, ó wọ Ìbàdàn. Òyìnbó míṣọ́nárì tó kọ́kọ́ wá bá wa gbé nìyẹn.

Àwọn ìjòyè kan yarí. Ẹni tí a kò mọ ìdílé rẹ̀, kí ló ń wá? Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlú tó wọ̀. Àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló wá pàgọ́ síbí ní nǹkan bí 1829, wọ́n kọ́lé yí ọjà àti òkè Mápó ká, wọn ò lọ mọ́. Ta ló fẹ́ bi ta léèrè ibi tó ti wá? Ẹni tó bá bèèrè, wọ́n á bi òun náà. Baálẹ̀ Olúgbóde gbà á, wọ́n fún un nílẹ̀ ní Kúdẹtì. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ fi ọ̀kẹ́ owó ẹyọ pamọ́ síbì kan kó tó wọlé. Mo sọ èyí fún ọmọ ìyàwó kékeré, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ kí n fi kún fọ́ọ̀mù."

Hinderer padà sí Yúróòpù lọ gbéyàwó ní 1852. Gẹ̀ẹ́sì ni Anna ní tirẹ̀, ọmọ Norfolk. Ọkọ̀ eléèéfín ni àwọn méjèèjì bá wá, ṣùgbọ́n èéfín náà kò ràn wọ́n lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀sà Èkó. Ìgbì kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé nígbà náà, òkun ni wọ́n ti ń sọ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, ìgbì ń gbé wọn sókè ń jù wọ́n sílẹ̀, ẹja ekurá wà nísàlẹ̀. Oṣù kẹrin 1853 ni Anna fojú kan Ìbàdàn. Àwọn obìnrin ìlú ya bò ó. Wọ́n fọwọ́ kan irun rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀, wọ́n ń pariwo. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá.

Kò bímọ. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ fẹ́ bèèrè nìyẹn. Kò bímọ, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kún fọ́mọ, wọ́n ń pè é ní Ìyá. Ìjòyè kan tó ń jẹ́ Olúnlọ́yọ̀ kó ọmọ méjì fún un, Yéjídé àti Akínyẹlé, wọ́n sì wà lára àwọn ọmọ Ìbàdàn tó kọ́kọ́ kọ́ ìwé òyìnbó. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ará àdúgbò máa wo Olúnlọ́yọ̀ nígbà náà bíi pé ó fi ọmọ rẹ̀ tọrẹ. Ẹ lọ wo Ìbàdàn lónìí, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń jà nítorí fọ́ọ̀mù ilé-ìwé.

Ogun Ìjàyè bẹ́ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè ní 1860. Ẹ̀gbá dí ọ̀nà, Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà, ẹrù láti etíkun kò wọlé mọ́, àwọn tọkọtaya yìí sì há sí Kúdẹtì. Owó tán. Owó ẹyọ ni à ń ná nígbà náà, 2,000 ni ẹgbàá, 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan, odindi ẹrù orí ni. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ohun tó pani lẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ eléyìí: ilé-iṣẹ́ O'Swald, ará Jámánì láti Hamburg, ló ń fi ọkọ̀ ìgbòkun kó owó ẹyọ láti Zanzibar wá sí Èkó lásìkò yẹn, ó ń kó o débi pé iye owó ẹyọ ń já wálẹ̀. Ará Jámánì ń da owó sí Èkó bí òjò, ará Jámánì kan wà ní Kúdẹtì tí kò rí owó ra iṣu. Wọ́n ta ẹrù ilé jẹun. Àwọn aládùúgbò ń fún wọn ní oúnjẹ. Ní 1865, Gómìnà Glover rán Captain Maxwell láti Èkó, ó la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ gba inú igbó dé Ìbàdàn lóru, wọ́n sì gbé Anna lọ kílẹ̀ tó mọ́, kí àwọn tó dínà má bàa gbọ́. Ọkọ rẹ̀ dúró ti àwọn ọmọ ìjọ, òun tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Wọ́n tún padà wá. 1869 ni wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá. Anna kú ní 1870. Daniel Olúbí, ọmọ Ẹ̀gbá tó ti ń gbé pẹ̀lú wọn, ló gba iṣẹ́ Kúdẹtì. Hinderer ló túmọ̀ ìwé Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ sí Yorùbá, ẹni tó wá láti ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń di ẹrù ló túmọ̀ ìwé arìnrìn-àjò. Òun ló tún mú bàbá Samuel Johnson wá sí Ìbàdàn ní 1858. Samuel lọ kàwé l'Ábẹ́òkúta lábẹ́ Bühler, Jámánì mìíràn. Samuel yìí ló wá kọ The History of the Yorubas, tí Bàbá Télọ̀ máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ń ṣe àríyànjiyàn ogun, láìmọ̀ pé Jámánì ló kọ́ ẹni tó kọ ọ́. Níbi iṣẹ́ tí Hinderer fi sílẹ̀ yìí náà ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin Kúdẹtì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1899. Òun àti ti CMS Èkó ni wọ́n dà pọ̀ ní 1950, tó di St. Anne's.

Ní tèmi o, ọmọ ìyàwó kékeré lè lọ sí Jámánì. Kó lọ kàwé, kó jẹ búrẹ́dì wọn, wọ́n jẹ iṣu wa. Àmọ́ kó má ta yàrá, torí ẹni tó rà á kò ní í fẹ́ràn Ìyá Onígaàrí, Ìyá Onígaàrí náà kò sì ní í gbé ààrò. Ẹ lè sọ ọ̀rọ̀ Hinderer fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì ní èmi ni mo sọ ọ́. Ti ilà ẹfun ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ. Bàbá Télọ̀ ni kí ẹ ní ó sọ ọ́.